Ọ̀gá Mi Tó Jí Ìkùukùu Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń ta mí bí ata. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú tirẹ̀ náà padà rí lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ń wá ìtàn ẹni tó dárí jini wàràwàrà, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Kò sí níbí!

Ọmọ Ìsọlọ̀ ni mí. Òṣòdì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, torí tésàn rélùwéè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ni Ọlọ́run ṣì fún wa, Mọríámọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ìyá Mọríà. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, sítúdíò fọ́tò kan ní Bọ́ládé ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa pe ẹni tó ni sítúdíò náà ní Ọ̀gá Débọ̀. Ẹ má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó" bí ẹgbẹ́ mi. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán lórí òkè.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn ṣá. Ó mọ fọ́tò yà! Tó bá jẹ́ pé tọkọtaya ló jókòó sórí àga, tí aṣọ aláràbarà wà lẹ́yìn wọn, tí wọn ò mira, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú láti Òṣòdì títí dé Muṣin. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìyẹn. Ohun tí kò bá jókòó sórí àga, Ọ̀gá Débọ̀ ò mọ ohun tó máa fi í ṣe.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Ìsọlọ̀, ti àwọn tíṣà àti akọ̀wé, tí wọ́n máa ń lọ gun òkè nígbà ìsinmi. Àwọn àgbà ìlú ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ nù sórí òkè. Olórí ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Alága ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Alága tó wà lókè òkun wá fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe kámẹ́rà fọ́tò lásán o! Kámẹ́rà sinimá ni, èyí tó ń ya ohun tó ń rìn. Ẹ̀ ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ẹni ń yí ti aago, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Alága ní òun fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Wọ́n wá bẹ Ọ̀gá Débọ̀ pé kó bá wọn gbé e lọ sí òkè Ìdànrè.

Ọ̀gá ní kí n tẹ̀lé òun láti máa gbé ẹrù. Mo ní sà, Mọríámọ̀ ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó ní ṣé Mọríámọ̀ ló máa fẹsẹ̀ gun òkè ni? Ẹ̀yìn mi ṣáà ló máa wà.

Bá a ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tá a sọ̀ nínú lọ́rì ní ìsàlẹ̀ òkè, gbogbo àwọn yòókù gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbín. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn tèmi ti lónílé! Orí ni mo gbé àpò tèmi rù. Àǹtí Ṣadé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní èmi nìkan ni mo mọ ohun tí Ọlọ́run dá orí fún. Nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ ni Àǹtí Ṣadé, ẹnu wọn sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ wọn lọ.

A gun òkè yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Itan mi ń pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tá a pa àgọ́, tí mo wo àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n jókòó bí ìyá àgbà tó kó ẹsẹ̀ jọ, mo gbàgbé ìrora. Mo tú Mọríámọ̀ sílẹ̀, mo gbé e sókè kó rí i. Ó fi ọwọ́ gbá mi nímú.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́ lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ọ̀gá gbé kámẹ́rà lọ sórí àpáta kan tó ga ju ibi àgọ́ lọ. Àwọn yòókù ti bá ẹni tó ń mú wa rìn lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Kò ku ẹnì kankan pẹ̀lú wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ọ̀gá Débọ̀ dé etí àpáta, ó wo ìsàlẹ̀. Àṣìṣe ńlá! Òyì kọ́ ọ. Ó sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó di àpáta mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, ó sì rákòrò lọ sẹ́yìn àpáta mìíràn. Ó ní kí n ju ìborùn mi sí òun kí òun fi bojú. Ó ní kí n ya ohunkóhun tí mo bá rí. Ó wá bẹ̀ mí pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pé, jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òyì kọ́ òun.

Mo ṣèlérí. Àánú rẹ̀ ṣe mí! Ṣé ẹ rí mi bí? Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ní ìsàlẹ̀, ìkùukùu ti kún àfonífojì bí ògì tó kún ọpọ́n. Kò mira. Àmọ́ bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn, mo rí i pé ó ń gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹran tó ń jẹ koríko. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn ò lè rí ìrìn rẹ̀. Mo wá rántí ohun kan.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mọ́tò sinimá ìjọba wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n fi ẹ̀wà kan hàn wá lára aṣọ funfun, ẹ̀wà náà hù lójú wa! Ó là, ó yọrí, ó na ọrùn, ó yọ ewé, kí èèyàn tó pa ojú dé. A pariwo pé idán ni. Tíṣà wa ní kì í ṣe idán. Wọ́n ya ẹyọ àwòrán kan, wọ́n dúró, wọ́n tún ya ẹyọ kan, wọ́n tún dúró. Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn tí wọ́n sì jẹ́ kó sáré, ohun tó falẹ̀ di eré.

Kámẹ́rà Alága sì ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yà. Èmi ni mo máa ń nù ún ní sítúdíò, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ò bìkítà fún bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́? Mi ò ní aago. Mọríámọ̀ ló bá mi yanjú ẹ̀! Ó jí lẹ́yìn mi, ó ń pòṣé bí àgbàlagbà, mo bá bẹ̀rẹ̀ orin tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún:

Dákẹ́, Mọríà, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀,
Oòrùn ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bọ̀ wá kí ọ.

Bí orin bá parí, mo tẹ bọ́tìnnì. Mo tún kọ ọ́, ó parí, mo tẹ̀ ẹ́. Orin, tẹ̀. Orin, tẹ̀. Mò ń jó díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ má baà sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí aṣọ mi kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Ọ̀gá ń pè mí láti ẹ̀yìn àpáta pé ṣé mo ti ṣe tán. Orin ni mo fi dá a lóhùn. Ẹnu mi gbẹ, apá mi kú, ẹsẹ̀ mi di igi, mi ò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi gòkè tí ìkùukùu sì tú ká. Mi ò tíì ṣe ohun kan rí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ọmọ tí mo bí.

A padà sílé. Wọ́n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tó dé, Alága ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀, wọ́n sì pe tẹrútọmọ. Ọkọ mi wá. Ìyá mi wá. Mo wé gèlè tó le bíi páànù.

A kọ́kọ́ rí àwọn èèyàn tó ń gun òkè, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu mi yọ.

Ìkùukùu tó ń rá bí ìgbín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ń sáré! Ó ń ṣàn bí odò, ó ń gun àpáta, ó ń dà wálẹ̀ ní ìhà kejì. Òjìji àwọn òkè ń kúrú bí ẹni ń ká ẹní. Oòrùn ta gìrì jáde, gbogbo rẹ̀ sì tú ká bí ìfófó ọṣẹ. Bàbá kan lẹ́yìn mi kígbe pé, "Sùbùhánálláhì!" Omi bọ́ lójú mi. Mò ń tún gèlè mi ṣe, mò ń retí kí wọ́n pè mí.

Alága béèrè pé ta ló ṣe iṣẹ́ ìyanu yìí. Ọ̀gá Débọ̀ dìde. Ó tẹ́ ọwọ́ sí àyà. Ó ní ìwọ̀nba ohun tí Ọlọ́run fi fún òun ni. Ó ní òun dúró ní etí àpáta, ẹ̀fúùfù ń fẹ́, ikú ń bẹ nísàlẹ̀, òun ò bẹ̀rù!

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ.

Alága rí mi, wọ́n béèrè pé ṣebí Ìyá Mọríà náà wà níbẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gá ti dáhùn: "Ó wà níbẹ̀, sà! Ẹ̀yìn àpáta ló wà, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá ọlọ́mọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn! Ọkọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó rí ojú mi. Ẹ̀yìn àpáta? Ta ló wà lẹ́yìn àpáta? Ta ló fi ìborùn mi bojú bí ìyàwó tuntun?

Ibẹ̀ náà ni Alága ti kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ Ọ̀gá Débọ̀ nìkan ni kámẹ́rà ẹgbẹ́ máa wà. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fọhùn. Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mo bá jà lójú agbo, agbo á ní mò ń jowú ọ̀gá mi. Ta sì ni ẹlẹ́rìí mi? Ọmọ tí kò tíì lè pe "màmá"!

Nígbà tí mo dé sítúdíò, mo bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó ní kí n má bínú, pé ayé ò lè gbà pé obìnrin ló ṣe é, tí òun bá sì sọ ọ́ wọ́n á ní òun ń ṣàwàdà. Mo ní ó dáa, kó wá jẹ́ kí èmi náà máa lo kámẹ́rà nígbà mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Obìnrin tó pọn ọmọ ò lè di kámẹ́rà mú. Gbọ̀nrìgbọ̀nrìn ni àwòrán á máa gbọ̀n!"

Mo délé, mo sunkún títí Mọríámọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sun ún. Ọkọ mi ní kí n fi Ọ̀gá sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá Mọríà, mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo, màá bá Ọlọ́run gbé e díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín!

Gbogbo ẹni tó bá wọ sítúdíò ni mò ń sọ fún pé ọ̀gá wa ló pàṣẹ fún ìkùukùu tó fi sáré. Mo sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó ń tajà ní tésàn. Mo sọ ọ́ nílé bàbá mi ní Ìsọlọ̀. Mo rìn dé oko àbúrò ìyá mi ní Ọ̀kọ́ta, mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ ebè! Bí ẹnì kan bá ní ọ̀gá mi mọṣẹ́, màá ní ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Màá ní ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lójú yín, ẹnu á yà yín.

Inú Ọ̀gá ń dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so táì lójoojúmọ́. Ó ń rìn bí ẹyẹlé. Ṣé ẹ ti rí ọmọdé tó ń fẹ́ àpò ìtọ̀ ẹran tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù rí? Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó ń wú, ó ń wú.

Ìròyìn dé etí Olóyè kan ní Ìsọlọ̀, àgbàlagbà tó fẹ́ràn láti mọ ìdí ohun gbogbo. Olóyè ní òun fẹ́ fi ojú òun rí bí wọ́n ṣe ń mú ìkùukùu sáré. Inú Alága dùn, wọ́n ní ẹgbẹ́ yóò padà lọ sí Ìdànrè nígbà ìsinmi, ẹni tó bá fẹ́ lè bá wọn lọ.

Ẹ wo Ọ̀gá Débọ̀! Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo gbé àdí àgbọn lọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi wọ́ orúnkún náà fún un. Ọ̀gá ní kò ní sẹ́ni tó máa ṣọ́ sítúdíò. Mo ní àbúrò mi á wá jókòó síbẹ̀. Ó ní bóyá kò ní sí ìkùukùu. Mo kígbe níwájú Alága pé ṣé ọ̀gá mi ni ìkùukùu máa kọ̀ sí lẹ́nu? Alága rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá Ọ̀gá lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Nínú lọ́rì, mo jókòó ti Àǹtí Ṣadé, mo sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí wọn létí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyá Mọríà, ìkà ni ẹ́!" Mo ní ẹ ṣeun, àǹtí.

Ní òwúrọ̀, gbogbo wa pé sórí àpáta. Alága wà níbẹ̀, Olóyè jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé gòkè fún wọn, àwọn tíṣà tò lọ bẹẹrẹ. Ìkùukùu kún ìsàlẹ̀, kò mira. Ọ̀gá Débọ̀ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí etí àpáta dáadáa. Ìdì fíìmù méjì ni ẹgbẹ́ kó fún un. Ó yí kọ́kọ́rọ́ kámẹ́rà, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó tẹ kámẹ́rà náà kó máa yà.

Ṣìrìrìrìrì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró yẹn dùn létí mi ju ìlù lọ! Ó ń yà á lọ ràìràì bí ẹni ń ya èèyàn tó ń jó. Mo mọ̀ pé bí fíìmù bá parí, ìkùukùu tó jókòó nìkan ló máa wà níbẹ̀. Mò ń gbá ọmọ mi nídìí pẹ́pẹ́.

Kò pẹ́ rárá, kámẹ́rà ṣe kẹ́ṣẹ́, ó dúró. Fíìmù ti tán. Ìkùukùu ò tíì kúrò níbi tó wà.

Olóyè ní, "Ó ti sáré ni? Mi ò rí i kó rìn o."

Ọ̀gá ní inú kámẹ́rà ló ti ń sáré, sà. Alága, tíṣà ni wọ́n láti ilẹ̀, wọ́n fa ojú ro. Wọ́n ní ṣé bó ṣe ṣe é nígbà yẹn nìyí? Kó ṣàlàyé fún Olóyè. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú òtútù òwúrọ̀. Ó wo kámẹ́rà. Ó wo òfuurufú. Ó wá wò mí.

Mo yíjú. Mò ń tún ọ̀já mi so.

Ó rọra sún mọ́ mi. "Ìyá Mọríà, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ni mí. Ó ní ìdì fíìmù kan ló kù, kí n sọ fún òun bí mo ṣe ṣe é, jẹ́jẹ́. Mo ní kí lẹ wí, sà? Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́. Ó tún un sọ. Mo gbé ọwọ́ sí etí, mo ní ẹ gbé ohùn sókè, sà, òkè la wà. Inú bí i, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó jágbe:

"Mo ní báwo lo ṣe yà á?"

Àpáta gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Yà á... yà á... yà á..." Ó lọ, ó bọ̀. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ wa.

Alága bi í pé kí ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Àǹtí Ṣadé ní ẹ jẹ́ kó tún un sọ, sà, bóyá àwọn ará ìsàlẹ̀ ò tíì gbọ́. Ọ̀gá Débọ̀ wolẹ̀. Ó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé èmi ni mo ya ìkùukùu náà, pé òyì ló kọ́ òun, pé òun gan-an ló wà lẹ́yìn àpáta.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́.

Alága ní kí n yára gba kámẹ́rà, ìkùukùu fẹ́ gbéra. Ẹni rere á gbà á, ọ̀rọ̀ á parí, àbí? Èmi kọ́! Mo kúnlẹ̀ kí Alága, mo ní sà, ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé obìnrin tó pọn ọmọ ò lè di kámẹ́rà mú, gbọ̀nrìgbọ̀nrìn ni àwòrán á máa gbọ̀n. Mi ò gbọdọ̀ tàpá sọ́rọ̀ ọ̀gá mi. Àfi bí ọ̀gá mi bá lè bá mi pọ̀n ọ́n.

Olóyè ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Alága wo Ọ̀gá, wọ́n ní ó yá.

"Ọ̀gá Débọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," ni Àǹtí Ṣadé wí. Wọ́n gbé Mọríámọ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n fa ọ̀já mọ́ ọn láyà, lé táì lórí, wọ́n dì í gírígírí bí ẹni di ẹrù. Àwọn tíṣà ń pariwo. Ọ̀kan ní, "Ẹ fọwọ́ di ìdí ọmọ mú, Màmá!" Òmíràn ní kó rọra o, ọmọ ẹni kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì!

Mọríámọ̀ rí i pé ẹ̀yìn yìí kì í ṣe ẹ̀yìn tí òun mọ̀. Ó fi igbe ta. Mo ní kí Ọ̀gá kọrin fún un. Ó ní òun ò mọ orin. Mo kọ́ ọ! Bí Ọ̀gá Débọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lórí òkè Ìdànrè, lójú Alága àti Olóyè: "Dákẹ́, Mọríà, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀..." Bó bá ti parí rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ohùn rẹ̀ ni aago mi. Bó bá fẹ́ sinmi, mo ní sà, ìkùukùu ò sinmi.

Màá sọ òótọ́ fún yín. Nígbà tó pẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó gbàgbé pé wọ́n ń wo òun, ó ń jó síwá sẹ́yìn, ó ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́. Ọmọ mi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e léjìká, ó sùn lọ fọnfọn. Mo wẹ̀yìn, mo rí wọn, àyà mi rọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dárí jì í. Díẹ̀ báyìí! Mo bá rántí ẹ̀rín inú gbọ̀ngàn. Mo ní kó tún orin náà kọ, kó gbé e sókè.

Mọríámọ̀ wá ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe. Ó tọ̀ sí i lẹ́yìn. Ọ̀gá ta kìjí. Mo ní kó má mira o, àwòrán á bàjẹ́! Irọ́ ni. Kò sún mọ́ kámẹ́rà rárá.

Fíìmù kejì yẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alága fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mi sórí pátákó, wọ́n ní kí n yà á kí wọ́n lè so ó mọ́ iwájú rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn kan náà, lára aṣọ funfun kan náà, mo rí i: Rábíátù Àdùkẹ́. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó sì pa á títí àwọn èèyàn fi ń wò ó. Kámẹ́rà ẹgbẹ́ ti wà nílé wa báyìí. Mo ti fi sítúdíò sílẹ̀.

Inú mi dùn? Ó dùn! Ó ti rọ̀? Kò tíì rọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ìyàwó Ọ̀gá Débọ̀ kó àwọn àgbà wá bẹ̀ mí. Ọ̀gá náà wá, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ní àwọn ọmọ Bọ́ládé ń pe ọkọ òun ní "Màmá Ọlọ́mọ," pé bó bá gba ọ̀nà tésàn kọjá, wọ́n á máa kọ orin Mọríà tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí n má fẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àwọn àgbà ní ó ti tó. Ọ̀gá tọrọ àforíjì, ó sì pè mí ní ẹ. Obìnrin yẹn ò sì ṣẹ̀ mí, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Mo ṣèlérí pé mi ò ní fẹnu sọ ọ́ mọ́, mo sì ti mú ìlérí mi ṣẹ.

Wọn ò ní kí n má fọwọ́ kọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ pàápàá, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí kọ́. Bí ẹnì kan bá sọ iṣẹ́ yín di tirẹ̀, ẹ má sunkún lójú agbo, agbo á bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ yìn ín! Ẹ gbé e gòkè títí kò fi ní rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá ní kó tún un ṣe. Àwọn kan á ní mo rorò. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló ń bá mi yí kọ́kọ́rọ́ kámẹ́rà báyìí.

Ó ku tiyín. Ta ló ti dìde pe iṣẹ́ ọwọ́ yín ní tirẹ̀ rí? Ọ̀gá ni, àbí ọ̀rẹ́, àbí àna? Kí lẹ ṣe fún un? Ẹ kọ ọ́ wá ká jọ kà á. Ẹ lè yí orúkọ olè padà bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín. Ṣùgbọ́n orúkọ tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!